Bí Onílé Bá Ṣí Yàrá Yín Láìgbàṣẹ: Ohun Tí Ayálégbé Lè Ṣe Ní Èkó

Àwo tí mo fi bo ìkòkò lórí tábìlì láàárọ̀ ni mo kọ́kọ́ kíyè sí. Ẹnìkan ti ṣí i wò. Fáànù ń yí, bẹ́ẹ̀ mo pa á kí n tó jáde. Mo bi ìyá tó wà ní yàrá kejì sí mi, wọ́n ní, "Bàbá ló mú ọkọ àti ìyàwó kan wá wo yàrá. Wọ́n ní rẹ́ǹtì tìẹ máa tó pé." Oṣù márùn-ún gbáko ló kù kí rẹ́ǹtì mi tó pé.

Mo gòkè lọ bá Bàbá. Mo pariwo, àwọn náà pariwo, gbogbo ilé jáde síta. Nígbà tí yóò fi parí, èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ tí mo ń bẹ̀bẹ̀, torí wọ́n ní mo rí àgbà fín. Kò sẹ́ni tó rántí ọ̀rọ̀ yàrá mọ́. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé nínú ọ̀rọ̀ ilé, ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ ló ń jàre, kì í ṣe ẹni tó lóhùn jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Òfin Èkó ni mo máa tẹ̀ lé. Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun àti àwọn tó kù ní òfin tiwọn, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá sọ nípa ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kárí gbogbo wa.

Ohun tí ẹ fi owó yín rà

"Ilé tèmi ni" ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi àga àti kánópì háyà kò lè dé àárín àríyá kó máa fa àga yọ lábẹ́ àlejò pé òun lòun ni ín. Tí onílé bá ti gba owó, yàrá náà di ti ayálégbé títí àsìkò tí owó ọ̀hún kárí yóò fi pé.

Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011, sọ ọ́ kedere ní abala 6: ayálégbé ní ẹ̀tọ́ sí àlàáfíà nínú ilé tó gbà. Ó to nǹkan mẹ́rin sábẹ́ ìyẹn: kí ẹ ní àṣírí tiyín, kí ẹnikẹ́ni má yọ yín lẹ́nu láìnídìí, kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni ẹ ni yàrá náà ní ìkáwọ́, kí ẹ sì lè lo ibi tó jẹ́ ti gbogbo ará ilé. Níbi tó ti sọ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ni ín, ó fi kún un pé onílé ní ẹ̀tọ́ díẹ̀ láti wá yẹ ilé wò. Ẹ rántí "díẹ̀" yẹn, torí àárín rẹ̀ ni gbogbo ìjà wà.

Abala 7 ló sọ bí "díẹ̀" náà ṣe tó. Ó ní ayálégbé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí onílé tàbí aṣojú rẹ̀ wọlé wo bí ilé ṣe wà, tàbí kó ṣe àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ojúmọmọ ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ní wákàtí tó bójú mu, kó sì ti kọ ìwé ránṣẹ́ ṣáájú. Òfin náà kò sọ pé wákàtí 24 tàbí 48 ni ìwé gbọ́dọ̀ fi ṣáájú, nítorí náà bí ìwé àdéhùn yín bá dárúkọ iye ọjọ́, òun ni kí ẹ dì mú. Ẹ tún wò ó dáadáa: wíwo bí ilé ṣe wà àti àtúnṣe ni abala náà mẹ́nu bà. Kò sọ̀rọ̀ mímú ẹni tó fẹ́ gba ilé wá wò nígbà tí owó yín ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí nínú àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí, ẹ̀yin ni wọ́n máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Abala 8 dojú kọ onílé fúnra rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ da àlàáfíà ayálégbé láàmú, kò gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀ tàbí dí i lọ́nà láti dé ìdí ẹrù náà, kò sì gbọ́dọ̀ gé ohun tí gbogbo ará ilé jọ ń lò. Omi kànga tí wọ́n fi àgádágodo tì nítorí ìjà wà nínú ìyẹn.

Lórí gbogbo rẹ̀ ni abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 wà. Ó dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, ìwé tó ń kọ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù. Kò sọ pé ẹni tó kọ́lé nìkan ló ní ilé. Yàrá kan ní ilé alájọgbé l'Ájẹgúnlẹ̀, ilé ni.

Ẹ̀yin tó ń gbé ní Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island, òfin 2011 yẹn yọ àdúgbò yín sílẹ̀. (Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Àwọn tó ń san owó ilé tó pọ̀ jù ni òfin yìí fi sílẹ̀ síta.) Ó tún yọ ilé tí ilé-ìwé fi ń gba òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sí, àti ilé ìwòsàn. Àdéhùn yín àti ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni kí ẹ gbára lé níbẹ̀. Ohun mìíràn tún ni pé àbádòfin tuntun lórí ilé gbígbé dé iwájú àwọn aṣòfin Èkó ní 2025, torí náà bí ọ̀rọ̀ bá máa dé kóòtù, ẹ ní kí lọ́yà sọ abala tó ń ṣiṣẹ́ lónìí fún yín.

Kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀: kó ìwé yín jọ

Ohun tó ń gba ayálégbé là kì í pọ̀: rìsíìtì owó ilé, ìwé àdéhùn bó bá wà, àti àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó wà láàárín yín àti onílé. Bí ẹ kò bá ní ìwé àdéhùn, ẹ má bẹ̀rù. Òfin Èkó gbà pé àdéhùn ẹnu lásán tó láti sọ yín di ayálégbé. Ṣùgbọ́n rìsíìtì kì í ṣe ojúrere o. Abala 5 ló pa á láṣẹ pé kí onílé kọ ọ́, pẹ̀lú déètì, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó àti àsìkò tí owó náà kárí. Onílé tó bá kọ̀ láti kọ ọ́ lè san ìtanràn ₦10,000. Bí tiyín bá ń sọ pé "àwa kì í kọ rìsíìtì níbí", ẹ fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì, kí ẹ sì kọ "owó ilé, yàrá 4, January dé December" sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìdí tí ẹ fi fowó ránṣẹ́. Báǹkì ti kọ rìsíìtì fún yín nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ka àdéhùn yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fọwọ́ sí i níwájú ájẹ́ńtì láìka ju ojú ewé tí owó wà lọ. Ibi tí ẹ ń wá ni ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ wíwọlé, àtúnṣe, àti kọ́kọ́rọ́.

Ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ gbé, tàbí tó ń sùn sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìsanwó, kì í ṣe ayálégbé nínú ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí. Òfin kò pa á tì, ó kéré tán wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé ọjọ́ 7 kó tó lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò tó ti ẹni tó ní rìsíìtì.

Ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀

Ẹ má wọlé tún nǹkan ṣe. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín láti tún ibùsùn tẹ́. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ya fọ́tò: ilẹ̀kùn, ibi kọ́kọ́rọ́, nǹkan tí wọ́n sún, àpótí tí wọ́n ṣí. Ẹ ya fídíò kan tó máa fi gbogbo yàrá hàn láìdáwọ́ dúró. Fóònù yín á tọ́jú ọjọ́ àti wákàtí fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ wá wo ohun tó sọnù, bí ohunkóhun bá sọnù.

Ẹ bi àwọn tó wà nílé. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lẹ́, ẹ má bi wọ́n bíi ọlọ́pàá. Ta ló ṣí i? Aago mélòó? Èèyàn mélòó ló bá a wọlé? Kí ni wọ́n sọ? Kò sí ará ilé tó fẹ́ jẹ́rìí lòdì sí onílé, torí àwọn náà ní rẹ́ǹtì láti san. Ẹ má fipá mú wọn. Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún yín lẹ́nu, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan lálẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú déètì, bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gẹ́lẹ́. Ìwé kékeré yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ rà á ní ₦500, kí ẹ máa kọ gbogbo ìgbà tó bá ṣẹlẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá dé iwájú adájọ́ tàbí alárinà tó ń sọ pé "wọ́n máa ń wọlé ṣáá ni" kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tó ní "ìgbà mẹ́rin ni, déètì wọn rèé", wọ́n á gbọ́ tirẹ̀.

Bí wọ́n bá fọ́ ilẹ̀kùn, bí nǹkan bá sọnù, bí wọ́n bá lù yín tàbí halẹ̀ mọ́ yín, àgọ́ ọlọ́pàá ló kàn, ní ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹ ní kí wọ́n kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀. Bó bá jẹ́ obìnrin ni ẹni tí wọ́n ń wọlé bá, tí onílé tàbí alámòójútó ilé ń dé nígbà tó ń wẹ̀ tàbí tó ń sùn, tó ń fọwọ́ kàn án tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Àjọ DSVA ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà fún ìwà ipá àti ìfipábánilòpọ̀. Ẹ má kọ́kọ́ lọ bá ìgbìmọ̀ onílé àdúgbò, torí àwọn onílé ni wọ́n.

Kọ̀wé sí onílé, má gòkè lọ bá a

Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Ìbínú alẹ́ kì í kọ lẹ́tà tó dáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ fi irú èyí ránṣẹ́ lórí WhatsApp tàbí àtẹ̀jíṣẹ́, bí ẹ ṣe máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ gan-an ni kí ẹ kọ ọ́:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi ni, yàrá 4 nísàlẹ̀. Mo gbọ́ pé lánàá, ọjọ́ Tuesday, nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ẹ ṣí yàrá mi, ẹ sì mú àwọn èèyàn méjì wọ ibẹ̀ nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Wọn kò sọ fún mi ṣáájú, mi ò sì rí ìwé kankan. Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ bá fẹ́ wo yàrá tàbí tún nǹkan ṣe níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kí a jọ mú ọjọ́ àti àsìkò. Mo máa ń wà nílé ní Saturday láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo ń retí èsì yín. Ẹ ṣeun sà."

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Kò sí èébú, kò sí "màá pè yín lẹ́jọ́". Ọjọ́ wà, wákàtí wà, ohun tí ẹ fẹ́ wà, àsìkò tí ẹ lè gbà wọ́n lálejò náà wà. Ìyẹn ló ṣe pàtàkì: ẹ kò kọ̀ kí wọ́n wọlé, torí òfin kò fún yín lágbára láti kọ̀ pátápátá. Ètò ni ẹ ń béèrè. Bí onílé bá fèsì pé "ilé mi ni, màá wọ ibẹ̀ nígbà tó bá wù mí", ẹ má dá a lóhùn. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí fún yín.

Bí wọ́n bá pè yín lórí fóònù dípò kí wọ́n kọ̀wé, ẹ gbọ́ tẹnu wọn, lẹ́yìn náà ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ̀ lé e: "Ẹ ṣeun sà fún ìpè yín. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni pé ẹ máa wá ní Saturday aago mẹ́wàá." Ọ̀rọ̀ ẹnu ti di ìwé.

Ẹ má pa àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ yìí rẹ́. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ kóòtù, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ń béèrè pé kí ìwé tó ṣàlàyé fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó gbé e jáde tẹ̀ lé ohun tí ẹ bá tẹ̀ sórí bébà. Lọ́yà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ohun tó kàn yín ni pé kí fóònù yẹn má sọnù, kí ẹ sì ní ẹ̀dà àwọn fọ́tò náà níbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́

Èyí ni wọ́n ń bi mí jù. Ṣé mo lè pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́? Ẹ kọ́kọ́ wo àdéhùn. Bí ó bá kọ̀ ọ́ fún yín, ẹ tọrọ ààyè ní kíkọ. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ọ̀nà tí mo rí tó nírọ̀rùn jù ni pé kí ẹ má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ onílé rárá. Ẹ fi àgádágodo tiyín kún un. Ilẹ̀kùn kò bàjẹ́, kọ́kọ́rọ́ wọn wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ ẹ ṣí tiyín dání. Bí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́ àtijọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ ó dá a padà síbi tó wà. Mo mọ ẹnìkan tí wọ́n yọ owó kọ́kọ́rọ́ nínú owó tó fi dúró fún ìbàjẹ́, kìkì nítorí ó ju èyí tó yọ nù.

Kámẹ́rà kékeré nínú yàrá yín kò burú. Ẹ má jẹ́ kó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ibi ìwẹ̀, torí àṣírí tí ẹ ń jà fún ni àwọn ará ilé yòókù náà ní.

Iná tàbí omi kò mọ ìwé o. Bí páìpù bá bẹ́ nínú yàrá yín nígbà tí ẹ rìnrìn àjò lọ sí Ìbàdàn, tí omi ń wọ yàrá ìsàlẹ̀, tàbí tí èéfín ń jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ẹni tó bá já kọ́kọ́rọ́ wọlé gbà yín là ni. Ẹ fi nọ́ńbà ẹnìkan tó wà nítòsí, tó ní kọ́kọ́rọ́ yín, sílẹ̀ fún onílé, kí ọ̀rọ̀ má di fífọ́ ilẹ̀kùn.

Ní ilé alájọgbé, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé ìdáná àti ibi ìwẹ̀ jẹ́ ti gbogbo wa. Onílé lè gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Láti ẹnu ilẹ̀kùn yàrá yín sínú ni tiyín ti bẹ̀rẹ̀, kọ́tìnì náà sì wà nínú rẹ̀: ẹni tó ń ká kọ́tìnì wo inú yàrá yín ń tọrọ ẹjọ́. Ti alámòójútó ilé kò yàtọ̀. Agbára tí onílé ní ló lè fún un, kò sì lè fún un ní èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò ní.

Bó bá tún ṣẹlẹ̀

Ẹ kọ lẹ́tà gidi, lórí bébà, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ ṣe ẹ̀dà méjì. Ẹ to àwọn ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀ síbẹ̀, ẹ dárúkọ abala 6 àti abala 7. Ẹ mú un lọ fún wọn pẹ̀lú ẹnìkan tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó láti jẹ́rìí, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹni tó bá yín lọ yóò kọ sára rẹ̀ pé lójú òun ni ẹ fi fún wọn.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ sì tún ṣì máa jọ gbé abẹ́ òrùlé kan náà. Nítorí náà, ibi tí mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ ni Citizens' Mediation Centre, tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Láti 1999 ló ti wà, ó ní ẹ̀ka káàkiri Èkó, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ ó ṣàlàyé ẹ̀sùn yín, wọ́n á kọ ìwé ìpè sí onílé, ẹ̀yin méjèèjì á jókòó níwájú alárinà. Alárinà kì í dá ẹjọ́, kò lè sọ ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n ìwé tó ní àmì ìjọba lára máa ń mú kí ọ̀pọ̀ onílé wọ agbádá, kí wọ́n wá sọ pé "kí ló dé tó ò ti sọ fún mi nílé?" Ẹ mú rìsíìtì, lẹ́tà, fọ́tò àti ìwé kékeré yín dání. Bí ẹ bá fẹnu kò, ẹ rí i pé wọ́n kọ ohun tí ẹ fẹnu kò sí, ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ gba ẹ̀dà. "Onílé kò ní da ayálégbé láàmú mọ́" kò tó. "Yóò kọ̀wé ọjọ́ méjì ṣáájú, láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́" ni àdéhùn.

Bí wọ́n bá kọ̀ láti jẹ́ ìpè, ó di kóòtù. Kóòtù Májísíréètì àti Ilé Ẹjọ́ Gíga ló ń gbọ́ ẹjọ́ ilé gbígbé l'Ékòó. Ẹ lè pe onílé lẹ́jọ́ pé ó wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ lásìkò yẹn, kí ẹ béèrè owó gbà-má-bìínú àti àṣẹ tí yóò dá a lẹ́kun. Fún ẹ̀tọ́ abala 37, Ilé Ẹjọ́ Gíga ni, abala 46 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló ṣí ọ̀nà náà sílẹ̀. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó lọ sí Office of the Public Defender ti Ìpínlẹ̀ Èkó tàbí Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀. Mi ò ní tan yín o, kóòtù kì í yá. Nítorí yàrá tí wọ́n ṣí lẹ́ẹ̀kan, tí nǹkan kan kò sọnù, èmi ò ní lọ síbẹ̀. Bó bá ti di àṣà, tàbí tí wọ́n fi ń lé yín, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Nígbà tí wíwọlé bá di lílé jáde

Àwọn onílé kan kì í wọlé nítorí pé wọ́n fẹ́ wo nǹkan. Wọ́n ń wọlé kí ara lè ni yín, kí ẹ kó jáde. Lónìí wọ́n á ṣí yàrá, lọ́la wọ́n á gé wáyà iná, lọ́túnla wọ́n á ní àwọn fẹ́ tún òrùlé ṣe, wọ́n á sì ká páànù lójú òjò. Abala 44 nínú òfin ilé gbígbé Èkó ń dúró de irú wọn. Ẹni tó bá fi ipá lé ayálégbé tàbí tó gbìyànjú rẹ̀, tó halẹ̀ mọ́ ọn tàbí yọ ọ́ lẹ́nu kó lè jáde, tó ba ilé jẹ́ tàbí wó apá kan rẹ̀ láìgbàṣẹ kóòtù, ó ti dẹ́ṣẹ̀. Ìtanràn tó lè dé ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè dé oṣù 6 ni.

"Ṣùgbọ́n mo jẹ owó ilé." Ẹ sọ òótọ́ fún ara yín níbí. Ẹni tó jẹ gbèsè ṣì ní àṣírí, onílé kò sì lè torí gbèsè já wọ yàrá rẹ̀ tàbí gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Ọ̀nà tó wà fún onílé ni ìwé àti kóòtù. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ìwé oṣù 1 ni fún ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù 3 fún ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́fà-mẹ́fà, oṣù 6 fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ọjọ́ 7, tó ń sọ pé onílé fẹ́ lọ gba ilé rẹ̀ ní kóòtù. Ẹ má fi ìyẹn ṣe ìrọ̀rí sùn, torí ẹni tó ń san lóṣooṣù tí gbèsè rẹ̀ ti pé oṣù 6, lójú òfin, àdéhùn rẹ̀ ti parí, kóòtù sì lè gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ láìpẹ́. Síbẹ̀, béélífù kóòtù pẹ̀lú ìwé àṣẹ ni yóò wá kó ẹrù jáde, kì í ṣe àwọn ọmọ àdúgbò. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé náà hàn yín.

Bí wọ́n bá kó ọlọ́pàá wá nítorí owó ilé, abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Ẹ sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ má fi òfin bú ẹni tó gbé ìbọn.

Ohun tó ń sọ ẹjọ́ rere di búburú

Ẹ má dá owó ilé dúró láti fi gbẹ̀san. Ìyẹn ló máa ń ba ẹjọ́ jẹ́ jù, torí ọjọ́ tí ẹ bá ti jẹ gbèsè, gbèsè ni wọ́n á máa sọ, wọn kò ní rántí ilẹ̀kùn mọ́. Ẹ má gbé e sórí Facebook pẹ̀lú fọ́tò ilé àti orúkọ onílé. Ẹ má kọ̀ fún ẹni tó kọ ìwé dáadáa pé òun fẹ́ wá tún páìpù ṣe ní ọ̀sán, torí ẹ̀yin lẹ rú òfin nígbà yẹn. Bí wọ́n bá wá, ẹ wà níbẹ̀, tàbí kí ẹ fi ẹnìkan sílẹ̀. Ẹ kó owó àti wúrà sí ibi tó pamọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe, kí wọ́n máa lọ.

Èmi náà fi irú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí Bàbá nígbà tó tún ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò dá mi lóhùn. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n kọ "OK" péré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo wà nílé ní ọ̀sán Saturday, mo gbọ́ kí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Bàbá ni, kọ́kọ́rọ́ wọn wà lápò. "Lọ́yà," wọ́n ní, "ṣé mo lè wọlé wá wo síìlì?"

Mo ní kí wọ́n wọlé, mo fà wọ́n ní àga.